Ẹ́ńjìnnì tó dún kọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó jókòó: ohun tójú ń rí ní Ládípọ̀ lórí Peugeot 504 Coupé

Ẹni tó bá ti Òṣòdì ń bọ̀ lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá, tó sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota, kò nílò kó béèrè ibi tí ọjà Ládípọ̀ wà. Imú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un. Òórùn ọ́ìlì dúdú àti bẹntiróò ló máa pàdé ẹ̀ lọ́nà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń yọ̀. Kó tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù kẹta, àwọn ọmọkùnrin á ti yí i ká: "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá? Toyota ni àbí Honda? Ẹ́ńjìnnì ni àbí gíà?"

Mushin ni ọjà náà wà, ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀, pàápàá tòkunbọ̀. Ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá fi Yorùbá ná ọjà, Yorùbá ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, àgàgà tọ́rọ̀ bá ti dórí owó. Ẹni tó ń wá nǹkan Camry tàbí Corolla kì í pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹnì kan ṣèèṣì dárúkọ Peugeot 504 Coupé, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín, wọ́n á wá ní kí wọ́n lọ pe bàbá kan wá lẹ́yìn ọjà.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ 504 o. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde nílẹ̀ Faransé, láti 1975 títí di 2006 ni ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná sì fi ń tò ó pọ̀ níbí. Ọ̀gá ìjọba gùn ún, ọlọ́kọ̀ èrò fi sáré láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n Coupé kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn. Ọdún 1969 lòun jáde, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, àwọn Pininfarina ní ìlú Turin, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ló sì ya àwòrán ara ẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣe é mọ. Wọn ò tò ó ní Kàdúná rárá. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń gbé e wọ̀lú láti òkè òkun.

Ìdí nìyí tí èyí tó bá ṣẹ́ kù fi sábà máa ń jẹ́ ogún. Bàbá rà á, bàbá kú, mọ́tò wá ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ kó àjọ, ó lóun fẹ́ jí mọ́tò bàbá òun dìde. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹ́ńjìnnì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti 1974 ni Peugeot ti ń ki ẹ́ńjìnnì V6 sínú Coupé, 2664 cc, èyí tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe. Ó dùn ún gùn, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni ń mu ẹmu ọ̀fẹ́, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe ò pọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló fẹ́ máa bọ́ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀? Ni mẹkáníìkì á bá ní: "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká yọ wàhálà yìí kúrò, ká fi ti 504 gidi sí i." Èyí tó ní lọ́kàn ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, 1971 cc. Àbá náà ò burú o. Peugeot fúnra ẹ̀ lo sílíńdà mẹ́rin nínú Coupé kí V6 tó dé, wọ́n sì tún dá a padà ní 1977. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ní Ládípọ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń dán ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Bẹntiróò ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ọ̀dà tó ń dán bíi fàdákà kùn ún, ibi tó ti ń jò ò ní hàn mọ́. Ẹni tó gbọ́n á ní kí wọ́n fi sípánà yí i lọ́wọ́: tó bá há, kó máa lọ ní tiẹ̀. Á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí. Tó bá rí nǹkan funfun bí ẹ̀kọ tútù níbẹ̀, omi ti wọnú ọ́ìlì nìyẹn. Lórí ẹ́ńjìnnì 504, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí sìlíìfù tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀ ṣeé yọ, omi ló sì yí i ká. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbẹ nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ohun tó dí ìsàlẹ̀ sìlíìfù á ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá bu omi sí i lónìí, inú ọ́ìlì ló ń lọ.

Olọ́jà ò ní fi àkókò ṣòfò. Á gbé bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì epo wá, á so wáyà, ẹ́ńjìnnì á sì bú gbàmù nílẹ̀. "Ṣé ó dún àbí kò dún?" Òótọ́ ni, ó dún. Owó á sì jáde lápò.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kó dún nílẹ̀ Ládípọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó jókòó nínú mọ́tò. Síítìn tí V6 ń jókòó lé kò rí bíi ti sílíńdà mẹ́rin, torí ńṣe lèyí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹkáníìkì tó bá ń kánjú á jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, á sọ pé ó ti parí. Ìgbà tí wọ́n bá kó sí kòtò títì ni ẹ́ńjìnnì á fò, fáànù á sì gé rédíétọ̀.

Ìyẹn ni kò fi yẹ kẹ́ni tó fẹ́ lọ yẹ iṣẹ́ wò pe mẹkáníìkì sílẹ̀. Kó kàn yọ sí i ni. Kó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì: tó bá ti gbóná, wọ́n ti fún un lóògùn ká tó débẹ̀ nìyẹn. Kó ní kó tutù ná, kí wọ́n tó ta á. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ni. Dúdú, epo ti pọ̀ jù. Kó wò ó bóyá ọ̀pá epo ò fara kan sàléńsà, bóyá wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò lágbára, bóyá géèjì ooru ń ṣiṣẹ́, bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì ń pa dé láì kan nǹkan kan. Kó tẹ búréèkì dáadáa. Mọ́tò tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá, rọ́bà búréèkì ẹ̀ ti jẹrà, táńkì ẹ̀ sì ti dógùn-ún. Ẹ́ńjìnnì tuntun nínú mọ́tò tí ò lè dúró, pósí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wà á dé, kó tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, kó jókòó mu omi. Ohun tó bá kán sórí páálí ò ní purọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ tún ku ti ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé mọ́tò, ti tuntun yìí kò sì lè bá a mu. Kó gba rìsíìtì tí nọ́ńbà náà wà lára ẹ̀ lọ́wọ́ olọ́jà, kó búra nílé ẹjọ́, kó sì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ẹ̀sì láti yí ìwé padà. Èyí tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà ẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ọlọ́pàá tó bá dá a dúró ò ní béèrè bóyá ó dún.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé ni V6 àtijọ́. Mẹkáníìkì á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín palẹ̀ ẹ̀ mọ́." Kílò ni wọ́n á fi tà á fún onírin. Kẹ́ni tó ni mọ́tò gbé e délé, kó fi ọ́ìlì kùn ún, kó fi tapólì wé e. Ẹni tó mọyì mọ́tò àtijọ́ máa ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e fún onírin lónìí, tó wá ń wá òmíràn lọ́la, Ládípọ̀ á rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kejì.