Láti Yábà Dé Sùúrùlérè: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tí Kò Ṣípá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú Èkó, kó má ṣe rò pé Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ni ìlú. Ẹ jẹ́ ká kọjá afárá, ká dé ibi tí Yábà, Múṣin àti Sùúrùlérè gbé fara kan ara wọn bí ọmọ ìyá mẹ́ta tó sùn lórí ẹní kan. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń kó èrò láti ọ̀nà Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì àti Múṣin wá sí Yábà, títí dé Oyíngbò. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á rí púpọ̀ nínú ìlú láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé àti ọjà nìkan la fẹ́ wò lónìí. Àwọn ọmọ kan wà ní àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí à ń rí lójoojúmọ́ tí a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni a ó máa sọ bí a ti ń rìn lọ.

YÁBÀ

Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní Yábà, ariwo ọjà Tẹ̀júoṣó ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Aṣọ ń bẹ níbẹ̀, bàtà ń bẹ, báàgì ń bẹ, ẹni tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ pé kó wá rajà náà ń bẹ. Ní Yábà yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí orúkọ Yábà ti di èébú lẹ́nu àwọn ará Èkó. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò yé wa, a ó ní Yábà Lẹ́ẹ̀fùtì ló yẹ ká gbé e lọ. Ẹ̀rín ni a fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún.

Ẹ wo ìyá tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò ní wẹ̀yìn. Ìdérí ìgò ni ó ń yí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyá náà ń bẹ̀rù pé bí ará àdúgbò bá rí òun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, wọn a ní orí ọmọ òun ti dàrú. Nítorí náà, á mú ọmọ mọ́lé. Ọdún á gorí ọdún, ìgbà tó yẹ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ á sì kọjá lọ.

Ẹ gbọ́ o, ọmọ náà kò ya wèrè. Ọ́tísìmù ni àwọn oníṣègùn ń pe irú ipò tó wà. Láti ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàgbà ló ti gba ọ̀nà tirẹ̀, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ sísọ, nínú bíbá èèyàn ṣe, àti nínú bí etí, ojú àti ara rẹ̀ ṣe ń gba ohun tó ń lọ láyìíká. Ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fà á. Àìnífẹ̀ẹ́ ìyá kò fà á. Ìyá ọkọ kò sì fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ní ọdún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, ní ìlú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Ọ̀kan nínú ohun tó ṣàkíyèsí ni pé bí àgbà bá na ọwọ́ láti gbé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í múra sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ yòókù. Wọn kì í ṣípá. Òwe wa dára fún ọmọ tó lè ṣe é. Èyí tí kò lè ṣe é ńkọ́? Ta ni yóò gbé e?

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ kan, Victor Lotter, wá àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri ìlú mẹ́sàn-án ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978 pé wọ́n wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2021 pé nínú èèyàn 127, ẹnìkan lè ní in. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi sórí ìwé: ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní ọmọ 1,000, ó lè ní bíi mẹ́jọ.

ÀKỌKÀ

Láti Yábà, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Àkọkà. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, tẹ̀dó sí. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní Àkọkà yìí náà ni ilé ẹ̀kọ́ Modupe Cole wà, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò bá ti ẹgbẹ́ wọn dọ́gba, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ká rí i pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ọmọ tó kọ́ bí a ti ń wọ bàtà fúnra rẹ̀, tó kọ́ bí a ti ń béèrè omi, ìdánwò ńlá ló yege yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tó ní ọ́tísìmù ni kò lè ka ìwé. Òmíràn nínú wọn á ka ìwé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣeré. Òmíràn kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Bí ìka kò ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dọ́gba.

OJÚẸLẸ́GBA

A dé Ojúẹlẹ́gba, ibi tí ojúbọ Ẹlẹ́gbára fún lórúkọ. Ọ̀nà pàdé níbẹ̀ láti ìhín àti láti ọ̀hún. Fèrè dánfó kò sinmi, ọmọ ọkọ̀ ń ké "Stádíọ̀mù! Bárékè!", jẹnẹrétọ̀ ń bú, olórin gbé ẹ̀rọ síta. Àwa ti mọ́ra. Ṣùgbọ́n etí ọmọ tó ní ọ́tísìmù lè máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu agogo mọ́ ọn lórí. Á fi ọwọ́ di etí. Á figbe ta. Á dà ara rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni ẹnu àwọn èrò á là. Ẹnìkan á ní, "Ọmọ àbíìkọ́ rèé!" Èkejì á ní, "Ẹ nà án, á gbọ́n." Ẹnìkẹta á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ìyá ọmọ á dorí kodò, á sì pinnu pé òun kò tún ní mú un jáde mọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin lẹ lè tún èyí ṣe, nítorí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lé àwọn tó pé jọ kúrò. Ẹ dín ohùn rédíò kù. Ẹ má fi ipá fa ọmọ náà dìde. Ẹ fún ìyá rẹ̀ ní àpótí jókòó, kí ẹ sì bi í pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Kí ni ká bá yín ṣe?" Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ìyá náà kò sì ní gbàgbé yín.

Ọ̀rọ̀ ìkíni tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá kò fi ìkíni ṣeré. Ọmọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, a ó ní ilé ni kò ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ọ́tísìmù lè má mọ̀ pé òun ni ìkíni kàn. Ìdà kejì rẹ̀ ni pé, nílé wa, a ń kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú. Nítorí náà ọmọ tí kì í wo ẹnikẹ́ni lójú lè dàgbà láàárín wa kí a máa yìn ín pé ó bọ̀wọ̀ fágbà, kí ẹnikẹ́ni má sì fura.

MÚṢIN

Àwọn àgbà ní igi iṣin ló fún Múṣin lórúkọ. Lónìí, ilé ló pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Ilé onígbajúmọ̀-yàrá, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kò fi ohunkóhun pamọ́. Bí ọmọ bá figbe ta lóru, gbogbo ilé ló gbọ́. Èyí lè bí ìjà, ó sì lè bí ìrànlọ́wọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, bí àwọn alábàágbé bá mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, ẹnìkan á ṣọ́ géètì kó má bàa sáré sójú títì, ẹlòmíràn á sì bá ìyá rẹ̀ mú un dání kó lè lọ nájà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní Ìdí-Àràbà, lẹ́bàá Múṣin, ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LUTH. Ilé ìwòsàn ti Yábà pẹ̀lú ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọmọ tó pé ọdún kan tí kò tọ́ka sí nǹkan, tí kò sì dáhùn sí orúkọ rẹ̀, tàbí tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má ṣe sọ pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lọ. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń gbọ́ran, kí wọ́n sì wo ìyókù. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísìmù, ẹni tó bá sì ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tètè bẹ̀rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ààwẹ̀ gbígbà fún ọmọ, ìdè àti pàṣán kò ṣe iṣẹ́ kankan bí kò ṣe ọgbẹ́.

SÙÚRÙLÉRÈ

Ìbẹ̀wò wa parí sí Sùúrùlérè. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín ìgboro Èkó láti tún ibẹ̀ kọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀, oníbàárà wọn ti dín kù, ẹbí sì ti jìnnà. Àwọn tó ṣètò náà fẹ́ ṣe wọ́n lóore. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n ti bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó gbé katakata wá.

Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Sùúrùlérè ní ilé ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú láti 1962. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití. Ó ní Àtúndá Olú fún àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní ìpèníjà. Àdúgbò tó ní àánú ni. Afọ́jú àti adití ti ní ẹgbẹ́, wọ́n ń lọ bá ìjọba fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù, òbí ló ti ń sọ̀rọ̀ jù lọ. Wọ́n ṣeun púpọ̀. Òbí ni Dotun Akande tó dá ilé ẹ̀kọ́ Patrick sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Báǹkì GTBank náà sì ti ń ṣe àpérò ọdọọdún lórí rẹ̀ ní Èkó. Síbẹ̀, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Ní 1993, ní ìpàdé kan ní Toronto, Jim Sinclair, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísìmù, sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè níwájú wọn. Ní 2006, wọ́n dá ẹgbẹ́ Autistic Self Advocacy Network sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ọ́tísìmù ló sì ń darí rẹ̀. Nílé níbí, ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 kan, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ya àwòrán kan tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 12,000 níbùú-lóròó lọ, tí ìwé Guinness kà sí èyí tó tóbi jù láyé lórí aṣọ. Wọ́n ṣí i sójú ayé ní Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 2025, ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù. Ọ̀dà ni ó fi sọ tirẹ̀.

Òfin náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti 2011, òun ló dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ gba ìfọwọ́sí ní oṣù kìíní 2019: ẹni tó bá ya aláìlera sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, iléeṣẹ́ lè san ₦1,000,000. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí mọ èyí nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní òun kò gba irú ọmọ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí pé kò wò yín lójú. Ẹ fi í sí ibi tí ariwo kò pọ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú bí ètò ọjọ́ náà bá fẹ́ yí padà. Bí kò bá lè fi ẹnu dáhùn, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà ládùúgbò yín tó fẹ́ràn títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ bi òun alára, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan.

Èyí tí kò sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́? Ẹ ya omi, àmàlà, ìrẹsì àti ibùsùn sórí páálí kéékèèké, kí ẹ kó o síwájú rẹ̀, kí ẹ sì mú sùúrù. Ọjọ́ tó bá fi ìka tì ìrẹsì, tó sì fi ọwọ́ ti àmàlà sẹ́yìn, ọjọ́ náà ló kọ mé jẹ. Ẹ má fi dandan fún un ní àmàlà.