Ẹ Má Kàn Wí Pé Ó Dára

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìsọ̀ mi wà ní ọ̀nà ọjà Ouando. Ní alẹ́, mo máa ń lọ sí kíláàsì tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka èdè Nàgó tí a sì ń kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde nígbà tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá tí ó ní, "Ẹ bá mi wò ó."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó fẹ́ràn àlọ́, ó sì fẹ́ràn eré orí fóònù. Ó wá pa méjèèjì pọ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe eré àlọ́ Ìjàpá ní èdè wa. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ ó dé ibi kan tí yóò bi yín léèrè: ṣé kí Ìjàpá gba ọ̀nà odò ni, tàbí ọ̀nà ọjà? Ibi tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ni àlọ́ náà yóò gbà. Twine ni orúkọ irinṣẹ́ tí ó fi ṣe é. Ará Amẹ́ríkà kan, Chris Klimas, ló gbé e jáde ní 2009. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà ẹni tí kò lówó náà lè fi ṣe eré.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó gbé fóònù fún mi, ó ní, "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é wò." Aṣọ ìyàwó wà níwájú mi tí mo ní láti rán parí. Mo tẹ fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo rẹ́rìn-ín, mo dá a padà fún un. Mo ní, "Ó dára gan-an. Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́." Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà mí gbọ́. Níbẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé eré náà wá sí kíláàsì wa, nítorí pé mo ti sọ pé ó dára. Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ gbà á. Ó yan ọ̀nà odò. Odò dá a padà sí ọjà. Ó yan ọ̀nà ọjà. Ọjà dá a padà sí odò. Bàbá yí i títí, kò rí ọ̀nà àbáyọ. Ìyá kan ní, "Ìjàpá yìí ti sọnù o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ dójú ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n ojú tì í. Nígbà tí a dé ilé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Tàǹtí, ṣé ẹ ṣe é dé òpin?" N kò lè purọ́. Mo dákẹ́. Fún oṣù méjì gbáko, kò fọwọ́ kan eré náà mọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Kì í ṣe àìgbọ́n rẹ̀. Iwájú ló kọjú sí. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ló yẹ kí ó sọ fún un. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn ọmọ yìí, n kò sì wo ọ̀nà rárá.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn ìyá wa kò pa àlọ́ fún ẹni tí ó dákẹ́. A ń dáhùn, a ń gbe orin. Bí orin bá rọ̀ lẹ́nu wa, apàlọ́ á mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù, á sì gé e kúrú. Bí ọmọdé bá béèrè pé, "Báwo ni Ìjàpá ṣe jáde nínú ihò?", á tún ibẹ̀ ṣe. Ní ìdí ọpọ́n ayò náà, ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ẹni tí ó bá kígbe pé "ọ̀pẹ ni ọ́!" kò kọ́ ọ̀pẹ ní nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ní, "Ihò kẹta yẹn ni ìwọ ìbá ti kó," òun ló kọ́ ọ. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa pẹ̀lú, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye. Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin sọ àṣìṣe ìlú lóru, ìlú á sì gbọ́. Òótọ́ korò, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ kí olóhun tó lè gbé e mì.

Iṣẹ́ tèmi pàápàá ti kọ́ mi, n kò kàn ronú sí i ni. Oníbàárà tí ó bá ní, "Aṣọ yìí kò dára," kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní, "Ó fún mi lábẹ́ apá," mo mọ ibi tí màá tú. Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí ó ní ó dára, tí ó sanwó, tí kò sì wọ̀ ọ́ láéláé.

Mo lọ bá ọmọ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Bí àgbà bá ṣẹ ọmọdé, kí ó bẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé, "Kí ni o fẹ́ kí n bá ọ wò?" Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà. Mo mú kàyé àti bíìkì, mo fi alẹ́ mẹ́ta ṣe eré náà. N kò kọ pé ó dára tàbí pé kò dára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo kọ: "Níbí, mo rẹ́rìn-ín. Níbí, n kò mọ ibi tí màá tẹ̀. Níbí, mo rò pé Ajá ti kú, ṣùgbọ́n ó tún sọ̀rọ̀." Mo kọ ọ̀nà tí mo gbà sílẹ̀ kí òun náà lè tọ̀ ọ́. Ó rí i pé ojú ìwé kan wà tí òun gbàgbé láti so mọ́ odò.

Mo tún ní kí Ìjàpá jìyà ní ìparí. Ó ní, "Rárá, Tàǹtí. Mo fẹ́ kó sá lọ." Ó kù díẹ̀ kí n bínú. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń rán aṣọ mọ̀ pé oníbàárà ló ń yan irú aṣọ tí yóò wọ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún àwọn tí yóò ṣe eré wò kí wọ́n tó tà á. Ẹni kékeré kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ní Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ti Yaoundé gbé eré Aurion jáde ní 2016. Kí ó tó jáde, àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ìlú ti dá owó sí i. Ẹni tí kò lówó tí yóò dá, ẹ jẹ́ kí ó fi ojú rẹ̀ ṣèrànwọ́.

Ọmọ náà tún gbé eré náà wá sí kíláàsì. Bàbá ọjọ́sí yan ọ̀nà odò, ó sì dé òpin. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé báyìí ni Ìjàpá ṣe sá lọ? Kò dára o!" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sínú kàyé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá yín, ẹ jókòó. Ẹ ṣe é dé òpin. Ẹ sọ ibi tí ó dùn yín àti ibi tí ẹ ti ṣìnà. Bí àyè kò bá sí lọ́jọ́ náà, ẹ ní, "Jẹ́ kó di ọ̀la." Ìyẹn sàn ju irọ́ dídùn lọ.