Ohun Tí Ó Ń Lé Mi Gun Òkè

Àwọn àgbà wa ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí ènìyàn kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Nítorí náà, n kò bínú sí ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà, ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí mi tí mo ń sáré bọ̀ nínú òkùnkùn ìdájí. Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, ṣé kò sí? Kí ni ó ń lé ọ bọ̀?" Mo dá a lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, Màmá. Eré sísá ni mo fi ń kọ́ra." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó mi orí, ó sì padà sí ìdí ìkòkò rẹ̀.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ohun kan ń lé mi.

Ìyá mi kò tíì pé ẹni ọdún 55 nígbà tí ó ṣubú ní àgbàlá wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ní, kò sì mọ̀, nítorí pé ibì kankan kò dùn ún. Ó lo ọdún mẹ́ta lórí ẹní, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kí ó tó jáde láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí èmi náà di ẹni ọdún 38, nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi. Ó rí 150 lókè, 95 nísàlẹ̀. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n má sì fi ìdúró níwájú pátákó nìkan ṣe iṣẹ́ ara. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni Noélie Yarigo, ọmọ Matéri ní àríwá ilẹ̀ wa, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré mítà 800 níbi ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní ìlú Glasgow. Ẹni ọdún 38 ni òun náà. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọmọdébìnrin kan béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyáàfin, ṣé ẹ lè sáré?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, mo pinnu pé n ó sá kìlómítà 10 níbi eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ìlú Èkó, ní oṣù kejì ọdún 2025.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sáré gbà níbẹ̀ tí òkè kò ní pàdé rẹ̀. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Fọ̀n, Dassa-Zoumè ni, "zoumè" sì túmọ̀ sí inú igbó. Àwa ń pè é ní Igbó Ìdáàṣà. Àárín àwọn àpáta wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo fi èyí gba ara mi níyànjú. Mo ní, ọmọ ẹni tí ó sáré là ni mí.

Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di arọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo ti kọ́ níwèé rí, bí wọ́n ti ń sáré gun òkè Yákà. Ojú ń tì mí láti gbẹ́yìn wọn. Kí a tó dé ìdajì, àyà mi ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ojúgun mi ń ro mí débi pé n kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé, "Ta ni ẹ ń bá díje?" Ó ṣàlàyé pé èémí ènìyàn a máa le láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan a máa gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn. Mo rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo sáré fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ń sáré lọ́sẹ̀, n kò sì jẹ́ kí méjì nínú wọn tẹ̀lé ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrìn ń dín kù tí eré ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ń kọ́ eré gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sáré. Nítorí náà, mo ń ki oríkì ìyá mi lójú ọ̀nà. Bí ó bá já lẹ́nu mi, mo mọ̀ pé eré ti pọ̀ jù, mo sì dín in kù. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo fi ìborùn bo imú, mo sì ń jáde kí oòrùn tó yọ. Bí mo bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo ń gé ìṣísẹ̀ mi kúrú.

Ibẹ̀ ni ìtàn àwọn baba wa ti yé mi ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kò lè fò gun àpáta. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ arúgbó ni ó ní láti gbé. Asúrétete kò kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò sùn sọ́nà. Ní oṣù kìíní, mo sá kìlómítà 8 láìdúró, oríkì ìyá mi kò sì já.

Èkó kò ní òkè bí tiwa, ṣùgbọ́n òkè ni ooru rẹ̀. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun kọjá lára mi, ó kí mi, ó sì lọ. Nígbà tí mo kọjá kìlómítà keje, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo rìn fún ìṣẹ́jú méjì, bí mo ti kọ́ ọ, ojú kò sì tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún sáré. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 26 ni mo fi parí rẹ̀. Èrò púpọ̀ ni ó ti dé ṣáájú mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí mo padà délé, ìfúnpá mi jẹ́ 134 lórí 86. Nọ́ọ̀sì ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n má fi oògùn sílẹ̀. Ejò náà kò tíì kú. Ó kàn ti jìnnà díẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ, mo sì sọ òótọ́ ohun tí ó ń lé mi fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bo ìkòkò rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò wọn tèmi rí. Níbo ni nọ́ọ̀sì yẹn wà?" Mo mú un lọ. A kò sáré. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwa méjèèjì gbé.