Ẹni Tí A Sìn Fún Ogun

Ọ̀rọ̀ Haúsá ni Mahuta, orúkọ àdúgbò kan ní ìlú Kàdúná. Huta ni kí ènìyàn sinmi. Mahuta sì ni ibi ìsinmi. Orúkọ náà tuni lára, pàápàá ní ìlú tí ogun jíjà ti jẹ́ ẹ̀kọ́ àtọdúnmọ́dún. Ní Kàdúná ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọ̀gá ológun Nàìjíríà wà láti 1964. Ibẹ̀ ni ibùjókòó Ẹ̀ka Kìn-ín-ní ọmọ-ogun orí-ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ilé-ìwòsàn ológun tí a mọ̀ sí 44 wà. Ní Zaria, láti 1954 ni a ti ń kó àwọn ọmọdékùnrin jọ tí a ń kọ́ wọn ní ìwé àti iṣẹ́ ogun pọ̀.

Ẹni tí ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ka ìtàn àròsọ àwọn òyìnbó nípa jagunjagun àtọwọ́dá sí eré lásán. Láti 1941 tí ìwé aláwòrán Captain America ti jáde ní Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ń tàn kálẹ̀: a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lágbára, a fi oògùn sí i lára, ó sì di akọni tí ẹnikẹ́ni kò lè kò lójú. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ìtàn tí ó tẹ̀lé e, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ajá. Ó ń wọn oúnjẹ fún un, ó ń tì í mọ́lé, ó ń kọ́ ọ ní ohùn kan ṣoṣo tí yóò máa jẹ́.

Èdè Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. A ń sin ewúrẹ́. Ọmọ-ogun ń sin ọba. Ẹni tí ń bọ́ni àti ẹni tí ń jẹ́ ìpè, sìn ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Nígbà tí Glover kó àwọn Haúsá tí ó sá kúrò lóko ẹrú jọ ní Èkó ní nǹkan bí 1863, ó bọ́ wọn, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó kọ́ wọn ní ìbọn. Wọ́n tẹ̀lé e dé ogun Asante ní 1873, láti ara wọn sì ni ọmọ-ogun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ṣé baba ni ó jẹ́ fún wọn ni, tàbí olówó?

Àwọn baba ńlá wa náà ṣe jagunjagun àtọwọ́dá. Kí ni òkígbẹ́ àti ayẹta bí kò ṣe oògùn tí a fi ń sọ ẹran-ara di irin? Bóyá ó ń jẹ́ tàbí kò jẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ìlànà rẹ̀ ni kí a wò. Onísègùn kì í gbé oògùn lé ènìyàn lọ́wọ́ kí ó wá lọ jókòó. Èèwọ̀ ń tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ̀ sì tún wà, tí a fi ń pa iná oògùn, kí ẹni tí ó jáde bí ẹkùn lè wọlé bí ọkọ àti baba. Omi ìgbín kò ṣàdédé níyì.

Ẹ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ òde òní kò rò. Ní 1940, nígbà tí Jámánì fẹ́ ya wọ ilẹ̀ Faransé, ó pín oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ Pervitin fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ kí oorun má baà kùn wọ́n. Láàrin oṣù díẹ̀, hóró tí ó lé ní mílíọ̀nù 35 ni a fi ránṣẹ́. Wọ́n rìn lọ́sàn-án, wọ́n rìn lóru. Nígbà tí agbára rẹ̀ tán lára wọn, àárẹ̀ ńlá dé. Ó sì di bárakú fún àwọn mìíràn. Ní 1941, ìjọba náà fúnra rẹ̀ ni ó fi òfin ká a lọ́wọ́ kò.

Ìtàn Ògún ní Ìrè kò jìnnà sí èyí. Ó ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ níbi ìpàdé tí a kò gbọdọ̀ ti fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Ni ó bá yọ idà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ni ó mọ̀ pé ará ilé òun ni òun pa, ó sì wọlẹ̀ lọ. Ògún ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Ó yẹ kí a bi àwọn ará Ìrè náà léèrè: ta ni ó ń fi akèrègbè òfìfo dúró de ẹni tí ń ti ogun bọ̀?

Ajá gan-an kò bọ́ nínú rẹ̀. Nǹkan bí 4,000 ajá ni Amẹ́ríkà lò ní ogun Vietnam. Nǹkan bí 200 ni ó padà sílé. Inú ìwé ẹrù ogun ni a kọ orúkọ wọn sí, nítorí náà a fi àwọn yòókù sílẹ̀ lọ́hùn-ún tàbí kí a pa wọ́n. Ó di 2000 kí òfin tó gba ẹni tí ó mú ajá lọ sógun láàyè láti mú un lọ sílé ara rẹ̀. Ọdẹ tí ó bá fi ajá rẹ̀ sígbó báyìí, ta ni yóò tún yá a ní ajá?

Ilé-ìwòsàn 44 ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ogun dà láàmú ni ó ń dé ilé-ìwòsàn. Ilé ni ọ̀pọ̀ ń lọ tààrà. Ká ní irú wọn kan dé sílé ní Mahuta ní ìrọ̀lẹ́, tí ìdérí ìkòkò já lulẹ̀ nílé ìdáná, tí ó sì dojúbolẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá kan ni ó kọ́ ọ bí a ti ń dojúbolẹ̀, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń dìde, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ìyàwó náà.