Ọkọ̀ Ogun Tí A Lọ Wò ní Umuahia, àti Èyí Tí Àwọn Ọmọ Wa Fi Agolo Ṣe

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú wa lọ sí Umuahia tí ó sì mú wa padà sí Aba láyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò bá wa lọ ni ó ti ń béèrè ohun tí a rí níbẹ̀, pàápàá àwọn tí ó wọ gbọ̀ngán ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ tí wọ́n bá agolo mílíìkì tí a kó jọ gègèrè sí abẹ́ fèrèsé bí ẹni pé a fẹ́ ṣí ìsọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí a rò ó fún yín.

Ìkómọjáde ni ó gbé wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí iṣẹ́ gbé lọ sí Umuahia ni Ọlọ́run fi ọmọkùnrin ta lọ́rẹ, a sì lọ bá a yọ̀. Ọ̀nà kò jìn, nǹkan bí kìlómítà 60 ni. Kí oòrùn tó mú, a ti fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà fún ọmọ tuntun, a ti jẹ, a ti mu, àwọn ìyá wa sì ti jó dé ojú títì. Nígbà tí ó kù kí a máa bọ̀ nílé ni àwọn ọmọ tí ó bá wa lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá pé kí a mú àwọn yà sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun, nítorí olùkọ́ wọn ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn. A gbà. Bàbá Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ bá wa wọlé. Ó ní kí a máa lọ, òun yóò jókòó de wa nínú mọ́tò. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, nítorí ọjọ́ orí ti dé sí i.

Ọdún 1985 ni a ṣí ilé náà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣàdédé gbé e sí Umuahia. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, Enugu ni olú-ìlú Biafra. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Umuahia ni ìjọba Biafra wá fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn, títí ìlú náà fi bọ́ ní oṣù Kẹrin 1969. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ó wà ní ọgbà náà ni rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ayé nígbà kan. Ohun tí ó kọ́kọ́ ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni NNS Bonny, ọkọ̀ ojú omi ti ogun, tí ó gúnwà sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní ìlú tí kò sí òkun. Ọmọ kan ní ó ní láti jẹ́ pé òkun ti gbẹ lẹ́yìn ogun.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo wa pẹ́ sí jù ni ọ̀dọ̀ àwọn mọ́tò ogun. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní mọ́tò ogun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn ni Saladin, tí ilé iṣẹ́ Alvis ṣe ní ìlú Coventry: táyà 6, ènìyàn 3 nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 11, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 76. Biafra kò ní irú rẹ̀, wọ́n sì ti dínà òkun mọ́ wọn. Ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ibẹ̀, tí Gordian Ezekwe wà lára àwọn aṣáájú wọn, bá jókòó sídìí àtirọ ohun tí wọn kò lè rà. Wọ́n fọ epo bẹntiróòlù fúnra wọn. Wọ́n ṣe àdó olóró tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe. Wọ́n sì mú lọ́rì àti katakata, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ki ìbọn bọ̀ ọ́, wọ́n pè é ní Red Devil, ìyẹn Ànjọ̀nú Pupa. Ẹ̀rù rẹ̀ ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n a kò ní fi dídùn ṣe àròsọ: kò yá ẹsẹ̀ rárá, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò ríran tó, ohun ìjà tí a ṣe láti fi ba irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹ́ a sì máa rí i mú ní ìrọ̀rùn.

A wà níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí a bí sí Aba bi wá pé, nínú ogun náà, níbo ni àwa Yorùbá wà. Àwa àgbà wo ojú ara wa. A kò sì purọ́ fún un. A sọ fún un pé Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun tí ó gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968 tí wọ́n sì gba Aba tí a ń gbé yìí ní oṣù Kẹsàn-án. A sọ fún un pẹ̀lú pé Yorùbá ni Victor Banjo, tí ó kó ọmọ ogun Biafra wọ Mid-West dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967, tí Biafra fúnra rẹ̀ sì yìnbọn pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká tí ìjọba àpapọ̀ tì mọ́lé nítorí pé ó ń wá ọ̀nà àtidá ogun dúró. Ọmọ náà ní, "Ibi gbogbo ni a wà nígbà náà." A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, Bàbá Ìsàlẹ̀ ti dúró tì wá. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ń wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin, bí ẹni tí ń ka lẹ́tà. Iṣẹ́ wẹ́ẹ́dà ni ó ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tí ó sọ fún wa ní ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ ni ó ń kan ara bọ̀lẹ̀kájà ní Aba láyé ọjọ́un. Ní 1966, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ Ìgbò ní ìpakúpa ní ilẹ̀ Àríwá, tí àwọn tí orí kó yọ ń wọ́ bọ̀ wálé pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ìjọba Ìlà-Oòrùn kéde ní oṣù Kẹwàá pé kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ agbègbè náà máa lọ, nítorí pé kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ààbò wọn mọ́. Ọmọ ọdún 12 ni Bàbá Ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí ó ka irin pẹlẹbẹ tí ó kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó kà á, ó jẹ́ 24. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n fún aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ Ìgbò ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Nígbà tí wọ́n padà ní 1971, aládùúgbò náà ti rù hangogo, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi jíṣẹ́. Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn. Kò sí irin kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kó o. Bàbá rẹ̀ ka irin 24 náà lójoojúmọ́ títí ó fi kú.

Ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bi í pé, "Bàbá, ṣé irin yín ni wọ́n fi ṣe èyí?" Ọkàn wa là. Bàbá wo ọmọ náà, ó wo mọ́tò ogun, ó ní, "Ọmọ mi, irin kì í kọ ilà." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ nìyẹn.

Ọmọkùnrin yìí kan náà ni ó ní àwọn fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kékeré. Bàbá ní kí wọ́n wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ẹni tí kò bá wọn nǹkan kò lè ṣe nǹkan. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Wọ́n mú ọmọ kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 gérégé, wọ́n ní kí ó dúró gbọnrangandan ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà, láìfara kàn án. Ẹni tí ó ń fi fóònù ya fọ́tò sún sẹ́yìn jìnnà, ó sì kọjú sí i tààrà, nítorí bí a bá ya á láti igun, iwájú yóò tóbi ju ẹ̀yìn lọ, ìwọ̀n yóò sì di irọ́. Nígbà tí a dé ilé tí wọ́n tẹ fọ́tò náà jáde, wọ́n mú un tóbi títí ọmọ náà fi di íǹṣì 2 lórí bébà. Nípa bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ní Umuahia di íǹṣì 1 ní Aba, ìyẹn ìdá 1 nínú 24. Àwọn tí ń ta irú nǹkan yìí ní oníke nínú páálí fẹ́ràn ìdá 1 nínú 35. Ilé iṣẹ́ Tamiya ti Jàpáánì ni ó sọ ọ́ di àṣà láti àwọn ọdún 1960, kì í sì í ṣe ọgbọ́n kan tí ó jinlẹ̀: bí mọ́tò náà ti ní láti tóbi tó kí bátìrì lè wọ inú rẹ̀ ni. Tiwa kò ní bátìrì.

Irú èyí tí wọ́n gbé ka orí lọ́rì ni wọ́n yàn. Páálí ni wọ́n kọ́kọ́ fi gé gbogbo ara rẹ̀, torí pé àṣìṣe orí páálí kò náni ní nǹkan kan. Nígbà tí páálí jókòó dáadáa, wọ́n wá gé agolo tẹ̀ lé e. Àwọn tí ń ta tíì ní ojú títì ni ó fún wọn ní agolo. Wọ́n yọ ìsàlẹ̀ àti ìdérí rẹ̀, wọ́n fi àlùmọ́gàjí là á, wọ́n yí ìgò lórí rẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ kan gé ara rẹ̀ níka ní ọjọ́ kejì, láti ìgbà náà ni Bàbá ti ní kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́, kí àgbà sì jókòó tì wọ́n. Orí ìṣó róbótó róbótó tí ó wà lára irin ńkọ́? Wọ́n da agolo dé sórí rọ́bà, wọ́n fi ìṣó tí ẹnu rẹ̀ ti kú tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ó sì yọ ní iwájú bí èéyọ́. Ìdí bíro ni wọ́n fi ṣe ẹnu ìbọn.

Ibi táyà ni wọ́n ti kọsẹ̀. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Bàbá wò ó, ó ní, "Mọ́tò tí ó ru irin tó báyìí, ta ni ó wọ bàtà ọmọ ọwọ́ fún un?" Ó wá ní kí wọ́n mú bíro àti ìwé. Irin pẹlẹbẹ tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú àti lóròó, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn 10. Bí a bá fi irú rẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ lọ́rì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 tí ó ga ní 5, pọ́n-ùn 500 ti kọjá. Ẹ̀gbẹ́ méjì, ó lé ní 1,000. A kò tíì débi orí, iwájú, ẹ̀yìn, ìbọn, ọta àti àwọn ènìyàn. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ lóye ìdí tí kò fi lè sáré. Wọ́n gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì rọ́bà yí ìdérí ìgò náà ká, táyà sì di táyà. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa mọ iṣẹ́ yìí. Gbogbo wa ni a ti fa mọ́tò agolo rí.

Wàhálà tí ó kù ni ti àwọn àgbà. Nígbà ìpàdé, àwọn kan ní kò yẹ kí a gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́ Yorùbá ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn aládùúgbò lè rò pé a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọmọdé ni, kí a má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, a pinnu pé kí a gbé e lọ fi han ìyá tí ó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngán wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mama, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lọ. Ohun tí ó bá sọ ni a ó ṣe.

Mama gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó wò ó. Kò sọ̀rọ̀. Ó yí i dé, ó sì rí i pé orúkọ mílíìkì ṣì wà lára agolo lábẹ́ rẹ̀. Ó béèrè pé kí ni wọn yóò fi kùn ún. Àwọn ọmọ ń jiyàn lórí ọ̀dà. Ó ní nígbà ogun, alẹ́ ni bàálù máa ń balẹ̀ ní Uli, nínú òkùnkùn; mílíìkì ẹlẹ́bu àti pánla ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ránṣẹ́. Òun ni ó máa ń gbé ife méjì lọ tò, ti òun àti ti àbúrò rẹ̀. "Nígbà tí ó yá," ó ní, "ife kan ni mo ń gbé lọ."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fèsì. Bàbá Ìsàlẹ̀ ni ó fà àga fún un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dá mọ́tò náà padà fún àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ má kùn ún. Ẹ jẹ́ kí agolo hàn."

A kò kùn ún. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ni ó wà báyìí, ìlẹ̀kùn kékeré kan ti ya dànù lórí rẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wo nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Mama ti mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. NNS Bonny ni àwọn ọmọ ní ó kàn, nítorí náà àwọn agolo tí ẹ rí lábẹ́ fèrèsé yẹn kò tíì tó. Ẹni tí ó bá ní, kí ó kó o wá ní ọjọ́ ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o wá. Eèrà ti gba gbọ̀ngán mọ́ wa lọ́wọ́.