Òru Kan Ní Etíkun Tortuguero

Kò sí títì tí mọ́tò lè gbà dé Tortuguero. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé wa la àárín igbó kọjá dé abúlé náà, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Costa Rica. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Ọmọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó sanwó ìrìn àjò náà fún àwa àti ìyá rẹ̀, ó ní kí a wá wo ìjàpá òkun. A rẹ́rìn-ín, nítorí ìjàpá inú àlọ́ nìkan ni a mọ̀, oníjìbìtì tí ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ jẹun kiri.

Èyí tí a rí kò ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan. Ní nǹkan bí aago 10 òru, afinimọ̀nà wa dá wa dúró lórí yanrìn dúdú. A kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, a kò gbọdọ̀ tan iná, àfi tọ́ọ̀ṣì pupa ọwọ́ rẹ̀. Ìjàpá náà ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, funfun roboto, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Irú wọn a máa yé tó 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó wa yíjú sápá kan, ó ní kò yẹ kí ọkùnrin máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti ń fi yanrìn bo ẹyin, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń ṣe ìwádìí dé. Wọ́n wọn ìkarahun rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìka wá irin kékeré onínọ́ńbà ní apá tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Archie Carr, ará Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ní ọdún 1955. Wáyà ni ó kọ́kọ́ fi so àmì mọ́ ìkarahun, ṣùgbọ́n bí akọ bá ti gun abo nínú òkun, àmì a bọ́. Ni ó bá mú irin tí a fi ń sàmì sí etí màlúù, ó fi kan apá wọn. Àdírẹ́sì Yunifásítì Florida wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí owó fún ẹni tí ó bá fi ránṣẹ́ padà.

Irin ń padà wá lóòótọ́. Láti ibo? Púpọ̀ jù lọ wá láti etíkun Nicaragua, níbi tí àwọn Miskito ti ń pa ìjàpá òkun jẹ láti ayé bàbá ńlá wọn. Ẹni tí ó jẹ ẹran ni ó ń kọ lẹ́tà. Láìsí ìkòkò ọbẹ̀ wọn, ta ni ì bá tètè mọ̀ pé koríko inú òkun ibẹ̀ ni ìjàpá Tortuguero ń lọ jẹ, kí ó tó padà wá yé ẹyin lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta? Lónìí, wọ́n tún ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ ìkarahun àwọn díẹ̀. Bí ìjàpá bá yọrí láti mí, ẹ̀rọ a ké sí sátẹ́láìtì lókè.

A bi afinimọ̀nà wa bóyá inú ń bí i sí àwọn ará Nicaragua. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bàbá bàbá òun náà máa ń dá ìjàpá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn lórí yanrìn yìí kan náà, kí wọ́n má lè sá títí ọkọ̀ àwọn oníbàárà yóò fi dé. Owó rẹ̀ ni ó fi tọ́ bàbá òun. Ó ní, “Ta ni kí n bínú sí?” Àwa tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wa lórí pẹpẹ kò rí èsì fún un.

Wọn kò rí irin lára ìjàpá tiwa. Ihò kan ni ìka ọmọbìnrin náà kàn, tí etí rẹ̀ ti ya, tí ó sì ti jinná. Wọ́n ti sàmì sí i rí, irin ti bọ́. Ta ni ó kàn án, ní ọdún wo, kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́. Ó fi ẹ̀mú tẹ irin tuntun mọ́ ọn, ìjàpá náà sì gbọn apá. Omi ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n ní iyọ̀ òkun ni ó ń tú jáde bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹkún. Ìyàwó wa kò gbà.

Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú omi, ìgbì bò ó. Ọmọbìnrin náà tan iná pupa sórí ìwé rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà tuntun, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní èdè Sípéènì. A ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wa. “Ihò àtijọ́” ni ó kọ.