Mọ Àfòmọ́ Rẹ Kí O Tó Po Òògùn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí igi tí a ń fún òrí lára èso rẹ̀ káàkiri inú pápá. Lórí ẹ̀ka púpọ̀ nínú wọn ni ìdì ewé kan wà tí kò jọ ti igi náà. Àfòmọ́ ni. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ara igi tó gbà á lálejò ni ó ti ń mu omi. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yá lò fún ohun mìíràn tí ń gbé ara ẹlòmíràn jẹun: àfòmọ́ ara ẹja.

Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn, mo sì ń sin ẹja àrọ̀. Ẹja tí mo ń sọ kì í ṣe ti ìsédò Ìkéré tí wọ́n fi dí odò Ògùn nítòsí wa. Inú adágún bíríkì ẹ̀yìnkùlé ni ó wà, owó ilé-ìwé ọmọ sì ni. Bí ẹja irínwó bá kú nínú ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ lè jókòó sílé fún odindi sáà.

Kí ni ó sábà ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀? Àlejò ni. Ọmọ ẹja tuntun lè máa dán, kí àfòmọ́ sì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í wọ adágún mi lọ́jọ́ tí a bá rà á. Inú àgbá ike olómi 200 lítà ni yóò wà fún ọjọ́ 21, pẹ̀lú àwọ̀n àti korobá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà ọyẹ́ kan, mo ra ọmọ ẹja 150. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ha ògiri àgbá. Àmì funfun tíntìntín bí horo iyọ̀ hàn lára wọn. Aládùúgbò mi kan tí òun náà ń sin ẹja wá wò wọ́n.

Ó ní, “Tíṣà, kòkòrò ni. Ẹ da òògùn adìẹ sí i.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Kòkòrò wo ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé kòkòrò tún ní orúkọ ni?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú èdè wa, kòkòrò ni eṣinṣin, kòkòrò ni ohun tí ojú kò lè rí. Orúkọ kan náà ló ń mú wa lo òògùn kan náà. Ṣùgbọ́n òògùn adìẹ tí ń pa bakitéríà kò lè ran ẹja tí àfòmọ́ ń jẹ lọ́wọ́.

Mo gbé ẹja kan lọ sílé-ìwé nínú ike, mo fi gíláàsì pẹlẹbẹ rọra ha ara rẹ̀, mo sì gbé ohun yíyọ̀ tí mo rí sábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí ó bá jẹ́ Trichodina ni, à bá rí àwo roboto tí eyín tò yí inú rẹ̀ ká, tí ń pòyì. Bí ó bá jẹ́ Gyrodactylus ni, à bá rí aràn kékeré tó ní ìwọ̀ nídìí, tí ọmọ wà nínú rẹ̀, tí ọmọ-ọmọ sì wà nínú ọmọ. Ohun tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ni ohun bìrìkìtì kan tí ń rọra yí, tí nǹkan bíi pátákò ẹṣin wà láàárín rẹ̀. Ichthyophthirius ni.

Bí a ti mọ orúkọ rẹ̀ ni a mọ ìwà rẹ̀. Abẹ́ awọ ẹja ni ó ń gbé, òògùn inú omi kò sì lè dé ibẹ̀. Bí ó bá yó, yóò já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, yóò sì pín sí ọmọ tó lè tó 1,000. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní bí ọjọ́ méjì péré láti rí ẹja wọ̀ sí lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò kú. Ìgbà tí wọ́n wà níta yìí ni ọwọ́ lè tẹ̀ wọ́n. Mo po iyọ̀ kìló 1 mọ́ omi 200 lítà, mo ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde lójoojúmọ́, mo sì ń dá iyọ̀ tó bá omi lọ padà. Nítorí pé omi tútù ń fa ọjọ́ ayé àfòmọ́ yìí gùn, ọjọ́ 14 ni mo fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 21 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹja 23 kú, 127 yè. Nínú adágún ńlá, ẹyọ kan kò kú.

Àwọn tí ń sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì ní òkè òkun mọ ìṣòro yìí dáadáa. Àfòmọ́ tiwọn ni Cryptocaryon, ìgbé ayé rẹ̀ sì jọ ti èyí tí a rí. Wọ́n ń fi bàbà tí a wọ̀n dáadáa sínú omi láti pa ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ẹja bọ́ sínú àpótí tó mọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọmọ àfòmọ́ tó pa tán, kí ẹja ti ṣí kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ aràn awọ ni, wọ́n ń ri ẹja òkun bọ omi tí kò níyọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iyọ̀ tó jẹ́ òògùn fún ẹja odò wa ni ilé fún ẹja tiwọn. Omi tó jẹ́ ilé fún tiwa ni òògùn tiwọn. Ta ni yóò mọ èyí tó yẹ láìjẹ́ pé ó wádìí?

Ní 1377, ìlú Ragusa, tí à ń pè ní Dubrovnik lónìí, pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ti ibi àjàkálẹ̀ àrùn bọ̀ dúró sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30. Nígbà tó yá, ó di 40, láti ara iye yìí sì ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ìyàsọ́tọ̀ ti jáde. Ẹ ṣàkíyèsí, ẹ̀yin òǹkàwé, pé òǹkà ló wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, ìjìyà ni ọ̀pọ̀ wa kà á sí. Ẹni tó bá mọ iye ọjọ́ tí àrùn ń lò kí ó tó fara hàn ni yóò mọ ìdí tí a fi ń dúró.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti sọ àfòmọ́ méjì lórúkọ: pátákò àti eléyín. Aládùúgbò mi náà ti gba orúkọ wọ̀nyí lò. Bí ẹja rẹ̀ bá ń ha ara báyìí, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Tíṣà, ṣé pátákò ni àbí eléyín?”